Ọ̀nà tí nọ́ńbà gbà dé inú rípọ́ọ̀tù: ẹ̀rí adíyelé nínú ẹjọ́ ilé kíkọ́

Ọkùnrin kan ní Kent, nílẹ̀ England, gbé iṣẹ́ fáwọn kan pé kí wọ́n ṣe swimming pool sí ọgbà òun. Wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ibi tó bá jìn jù gbọ́dọ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 6. Nígbà tíṣẹ́ parí tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 9 ni wọ́n bá níbi tó jìn jù, ibi téèyàn máa fò sí gan-an ò ju bí ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n tú u palẹ̀ kí wọ́n sì tún un ṣe, £21,560 ló máa ná wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ìbéèrè pé èló ni ilé yẹn fi dín lójú ẹni tó bá fẹ́ rà á, ohun tí adájọ́ rí ni pé kò fi nǹkan kan dín. Pool náà ṣeé lò, ó ṣeé fò sí, ẹni tó fẹ́ ra ilé ò ní tìtorí íǹṣì yẹn yọ owó kankan.

Ruxley Electronics v Forsyth lorúkọ ẹjọ́ yẹn, ó gòkè títí tó fi dé House of Lords, tó jẹ́ kóòtù tó ga jù níbẹ̀ nígbà yẹn, lọ́dún 1995. Adájọ́ àkọ́kọ́ fún ọkùnrin yẹn ní £2,500 torí ìgbádùn tó pàdánù, Court of Appeal, ìyẹn kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, ní rárá, ẹ fún un ní gbogbo £21,560, House of Lords wá dá ti adájọ́ àkọ́kọ́ padà. Ẹjọ́ yìí kì í kúrò lọ́kàn mi, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Adíyelé ni mí. Wọ́n á gbé ilé kan síwájú mi, ilé tí ẹni tó kọ́ ọ àti ẹni tó ni ín ti wọra wọn ní ṣòkòtò lé lórí, wọ́n á ní kí n sọ ohun tó tọ́ lówó, kí n sì wá sọ ọ́ níwájú adájọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa iṣẹ́ yẹn lónìí ò ju ẹyọ kan náà lọ: nọ́ńbà tó wà ní ojú ewé tó kẹ́yìn nínú rípọ́ọ̀tù ò tíì di ẹ̀rí. Ìbéèrè tí nọ́ńbà yẹn dáhùn, àti ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀rí wà, ibẹ̀ náà sì lọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò.

Onímọ̀ mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́rìí nínú ẹjọ́ ilé kíkọ́, àwọn èèyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Ẹnjiníà ló máa sọ pé ògiri ti sán, pé ohun tó fà á nìyí, pé bóyá ó ṣì máa sán sí i tàbí ó ti dúró. Quantity surveyor ló máa sọ pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, iye tó máa ná yín rèé, irin, sìmẹ́ńtì, owó àwọn òṣìṣẹ́, owó igi tí wọ́n máa fi gbé òrùlé dúró nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ abẹ́ ògiri, gbogbo ẹ̀. Èmi adíyelé ló kàn láti sọ pé pẹ̀lú ògiri tó sán yìí, ẹni tó bá fẹ́ ra ilé máa san báyìí, tí kò bá sì sán, báyìí ni ì bá san. Ẹnu mi ò kọjá ìyẹn. Mo ti rí rípọ́ọ̀tù adíyelé tó ń ṣàlàyé irú amọ̀ tó wà lábẹ́ ìpìlẹ̀, tó ń sọ pé àwọn bíríkìlà ò po kọnkéré dáadáa, tó ń dá ẹ̀bi fún ẹni kan. Lọ́yà apá kejì máa ń fẹ́ràn irú rípọ́ọ̀tù bẹ́ẹ̀ gan-an. Kò ní í bá a jà lórí iye owó rárá o, orí amọ̀ yẹn ló máa bẹ̀rẹ̀ sí, ibo lo ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa amọ̀, ìgbà wo lo gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò, ta ló dán kọnkéré yẹn wò fún ẹ, nígbà tó bá fi máa dé orí iye owó, adájọ́ ti ń wo gbogbo ohun tó kọ pẹ̀lú iyèméjì. Ohun tó yẹ kí adíyelé kọ ni pé: mo gba ohun tí ẹnjiníà sọ lójú ewé báyìí gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, tó bá yí i padà, iye tèmi náà máa yí padà. Gbólóhùn kan péré, ó sì máa ń gba èèyàn lọ́wọ́ wàhálà ọjọ́ púpọ̀.

Iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀, ìdíyelé méjì ni. Àkọ́kọ́, èló ni ilé yìí máa tọ́ ká ní wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn? Ìkejì, èló ló tọ́ bó ṣe wà yìí? Kó o yọ èyí nínú ìyẹn. Ó rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́ fún méjèèjì, ọ̀nà kan náà ló yẹ kéèyàn gbà ṣe méjèèjì, ọjà kan náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Mo ti rí rípọ́ọ̀tù tó fi ilé àfiwé, ìyẹn àwọn ilé tó jọ ọ́ tí wọ́n ti tà, ṣe ti àkọ́kọ́, tó wá lọ mú iye tí àtúnṣe máa ná, tó yọ ọ́ nínú ẹ̀, tó sì pe ohun tó kù ní iye ilé bó ṣe wà. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ò díyelé ẹ̀ẹ̀kejì rárá, iṣẹ́ quantity surveyor ló dà kọ, tí wọ́n bá sì bi í pé báwo lo ṣe mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ rà á máa yọ gbogbo owó àtúnṣe yẹn, kò ní ohun tó máa sọ.

Torí owó àtúnṣe àti owó tí ilé fi dín, wọn kì í sábà ṣe ọgbọọgba. Ẹjọ́ Philips v Ward jẹ́ kó ṣe kedere. Ẹnì kan ra ilé ní £25,000 ní 1952, surveyor tó bá a yẹ ilé wò ò rí pé igi òrùlé ti bà jẹ́. Tí surveyor yẹn bá sọ òótọ́ ilé náà, £21,000 ló tọ́. Àtúnṣe máa ná bí £7,000. £4,000 ni kóòtù fún un lọ́dún 1956, ìyẹn ohun tó fi san ju bó ṣe yẹ lọ, wọn ò fún un ní £7,000. Àwọn kan máa ń ka èyí bíi pé ìyà ló jẹ ọkùnrin yẹn. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀, torí surveyor ò bá a kọ́lé, kò ṣèlérí fún un pé ilé máa le, ohun tó ṣèlérí ò ju pé òun máa fi ojú tó mọ́ wò ó lọ. Kóòtù kan náà tún gba ọ̀nà yẹn ní 1991 nínú Watts v Morrow, ilé tí wọ́n rà ní £177,500 tó jẹ́ pé £162,500 ló tọ́, àtúnṣe ẹ̀ sì sún mọ́ £34,000, £15,000 ni wọ́n fún wọn lórí iye ilé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹni tó kọ́ ilé gan-an lẹ pè lẹ́jọ́, ọ̀rọ̀ máa ń yí padà, owó àtúnṣe ni kóòtù sábà máa kọ́kọ́ wò, torí ẹni yẹn ṣèlérí ilé fúnra ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi lọ́yà tó bá pè mí fi jẹ́ pé ta lẹ pè lẹ́jọ́, kí ló sì ṣèlérí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń yà lẹ́nu pé adíyelé ń bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tí mi ò bá bèèrè, mo lè fi oṣù kan ṣiṣẹ́ lórí nọ́ńbà tí ẹjọ́ ò nílò.

Ẹ jẹ́ ká wá wo inú rípọ́ọ̀tù gan-an, torí ibẹ̀ ni nǹkan wà.

Ilé àfiwé lọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù. O máa wá àwọn ilé tó jọ èyí tí wọ́n tà lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wàá pín owó ọ̀kọ̀ọ̀kan sí iye mítà onígun mẹ́rin tó ní, wàá wá tún un ṣe torí ibi tó wà, ọjọ́ orí ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n tà á, ibi tí wọ́n lè páàkì mọ́tò sí. Ó dà bí ohun tí kò lè dá wàhálà sílẹ̀. Ẹjọ́ kan wà tí èmi àti adíyelé apá kejì jọ jẹ́rìí sí, ilé ọ́fíìsì ni, nọ́ńbà tèmi àti tiẹ̀ jìnnà síra wọn débi pé àwọn lọ́yà ti ń sọ pé ọ̀kan nínú wa ń purọ́. Kóòtù ní ká lọ jókòó sọ̀rọ̀ láàárín ara wa, àwa méjì nìkan, láìsí lọ́yà, ká sì kọ ohun tá a fohùn ṣọ̀kan lé lórí àti ohun tá ò fohùn ṣọ̀kan lé lórí. A tẹ́ àwọn ìwé wa sórí tábìlì, tiẹ̀ lápá kan, tèmi lápá kejì. A ò tíì dé orí iye owó rárá tá a fi rí i. Ìwọ̀n ilé tó lò, inú pílánù tí àwọn tó kọ́lé yà ló ti mú un, wọ́n sì wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn ògiri ìta dé ẹ̀yìn ògiri ìta. Àwọn ilé àfiwé tiẹ̀, inú yàrá nìkan ni wọ́n wọ̀n. Ó wá fi owó mítà kan ti inú yàrá sọ ìwọ̀n ìta di púpọ̀. Bí ògiri ṣe nípọn tó, àtẹ̀gùn, ihò tí ẹ̀rọ agbéniròkè ń gbà, gbogbo ẹ̀ ló ti kà bíi pé ẹnì kan máa gbé tábìlì síbẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Ọkùnrin náà wò ó, ó mú bírò, ó tún un ṣe lójú mi, kò jiyàn. Ó ju ìdajì ìyàtọ̀ wa tó pòórá níbẹ̀. Èyí tó kù wá lọ dá lórí ilé àfiwé kan tó wà lọ́dọ̀ àwa méjèèjì, owó ẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, a wá rí i nínú ìwé pé ẹ̀gbọ́n ló tà á fún àbúrò ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò ní ná àbúrò bó ṣe máa ná ẹni tí kò mọ̀ rí, nítorí náà a jọ yọ ọ́ dànù.

Mo sọ èyí torí pé lójú adájọ́, kó tó di ọjọ́ yẹn, àwọn onímọ̀ méjì ni wọ́n ń fi ìmọ̀ jà. Kò sí ìmọ̀ kankan tá a fi ń jà. Téèpù la fi wọ̀n ọ́n lọ́nà méjì. Ká ní wọ́n jẹ́ ká lọ sí kóòtù bẹ́ẹ̀, wọn ì bá lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí ẹ̀, adájọ́ ì bá sì lọ pín nọ́ńbà méjèèjì sí méjì torí kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Pínpín sí méjì yìí máa ń dùn mí. Àárín nọ́ńbà tó tọ́ àti nọ́ńbà tí kò tọ́, nọ́ńbà tí kò tọ́ náà ni.

Ó tún wá wà níbi tí ilé ò tíì parí. Agbaṣẹ́ṣe ti kúrò níbẹ̀, wọ́n ti lé e tàbí òun ló bínú lọ, ilé wà ní alájà méjì nínú mẹ́fà, wọ́n wá ní kí n sọ ohun tó tọ́ bó ṣe dúró yẹn. Kò sí ilé àfiwé fún irú ẹ̀, ta ló ń ta ilé tí kò parí lójoojúmọ́? Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a máa wo ohun tó máa tọ́ tó bá parí, a máa yọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣì máa ná kúrò, owó èlé, èrè ẹni tó máa parí ẹ̀, ohun tó bá kù, ìyẹn ni. Ọ̀nà yìí léwu ju bó ṣe rí lójú lọ. Ká ní ilé máa tọ́ 1,000 tó bá parí, ohun tí wọ́n ṣì máa ná jẹ́ 800, 200 ló kù. Tí quantity surveyor bá wá sọ pé rárá o, owó ọjà ti gbéra, 880 ló máa ná, ohun tó kù di 120. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ìnáwó fi lọ sókè, ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ni iye ilé fi já wálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí nọ́ńbà lọ sókè tàbí wálẹ̀ ò nílò láti purọ́ kankan níbí, kó kàn fọwọ́ kan ìnáwó díẹ̀, kó fọwọ́ kan èrè díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i àfi ẹni tó bá béèrè fún ìṣirò náà látòkè délẹ̀. Nítorí náà tí ẹ bá rí rípọ́ọ̀tù tó lo ọ̀nà yìí tí kò fi hàn bí iye ilé ṣe máa rí tí ìnáwó bá yí padà díẹ̀ sókè àti sílẹ̀, ẹ dá a padà, ẹ ní kó lọ parí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ń kọ́? Kíákíá ni mo máa sọ ọ́: ilé tí wọ́n rí àléébù ẹ̀ lónìí lè ti wà pẹ̀lú àléébù yẹn láti ọdún mẹ́wàá, ọjà sì ti yí padà láàárín ìgbà yẹn, nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó o díyelé lé lórí lè sọ owó di ìlọ́po méjì. Òfin ló máa sọ ọjọ́ tó jẹ́, adíyelé kọ́. Tí lẹ́tà tí lọ́yà kọ sí mi ò bá dárúkọ ọjọ́, mo máa kọ lẹ́tà padà, mi ò ní bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ṣòro jù fún mi ni àbàwọ́n tó máa ń kù lára ilé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún un ṣe tán. Wọ́n ti gbé ìpìlẹ̀ ró, ẹnjiníà ti fọwọ́ sí i pé kò ní sán mọ́, gbogbo owó àtúnṣe ni agbaṣẹ́ṣe ti san. Síbẹ̀ ẹni tó ni ilé ní òun ṣì pàdánù, torí ẹni tó bá fẹ́ rà á máa gbọ́ pé ilé yìí sán rí. Òótọ́ ni pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ti tẹ̀ lé ẹni tó fẹ́ ra ilé wọlé rí, mo sì rí i bó ṣe ti ilẹ̀kùn yàrá kan, ilẹ̀kùn náà rìn dé ìdajì, ó fẹnu gbá ilẹ̀, ó dúró. Ọkùnrin yẹn ò sọ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ibi tí ilẹ̀kùn ti ha ilẹ̀, ó gbójú sókè wo igun òrùlé, láti ìgbà yẹn lọ kò bèèrè nípa kíṣìnì tàbí bálùwẹ̀ mọ́, ibi tí ilé ti ṣẹ́ ló ń wá kiri. Ẹ̀rù yẹn ní owó tiẹ̀. Ṣùgbọ́n kéèyàn kọ ọ́ sínú rípọ́ọ̀tù pé àwọn tó fẹ́ rà á máa bẹ̀rù, nítorí náà mo yọ ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ò tíì jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ̀rí máa jẹ́ ilé tó sán rí tí wọ́n tún ṣe tí wọ́n sì tà, tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó jọ ọ́ tí kò sán rí, tí a wo owó méjèèjì, tí a wo bó ṣe pẹ́ tó lójú ọjà kó tó rí ẹni rà á. Tí kò bá sí irú ẹ̀, kí adíyelé sọ pé kò sí. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ máa fa gbogbo àwọn nọ́ńbà yòókù tó dúró dáadáa ṣubú.

Ẹni tó gbà á síṣẹ́, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ta ni adíyelé ń ṣiṣẹ́ fún? Ní 1993, adájọ́ Cresswell ní London kọ àwọn ohun tó jẹ́ ojúṣe onímọ̀ tó bá wá jẹ́rìí, nínú ẹjọ́ Ikarian Reefer, ẹjọ́ ọkọ̀ ojú omi kan tó gúnlẹ̀ síbi tí kò yẹ tó sì jóná. Kò kan ilé rárá, ṣùgbọ́n kò sí adíyelé tó ń lọ sí kóòtù níbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n: kí ẹ̀rí onímọ̀ jẹ́ tiẹ̀ fúnra ẹ̀, kí ẹjọ́ má tì í síbì kan, kó sọ ohun tó gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀, kó má fi ohun tó lè ta ko èrò ẹ̀ pamọ́, kó sọ ọ́ tí ìbéèrè bá kọjá ìmọ̀ ẹ̀, kó tètè sọ ọ́ tó bá yí èrò padà. Nígbà tí òfin tuntun nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1999, Part 35 rẹ̀ wá là á mọ́lẹ̀ pé ojúṣe onímọ̀ sí kóòtù ló ga ju ojúṣe ẹ̀ sí ẹni tó ń sanwó fún un. Ní 2011, nínú Jones v Kaney, Supreme Court wọn tún mú ààbò kúrò lórí onímọ̀, ẹni tó bá fi àìbìkítà ṣe iṣẹ́ ẹ̀, ẹni tó gbà á síṣẹ́ lè pe òun náà lẹ́jọ́. Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa bínú sí ìdájọ́ yẹn. Ó dáa lójú mi. Ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ lè mú kí èèyàn pàdánù ilé, kí ló dé tí kò fi ní dáhùn fún un?

Ìfúngun náà kì í wá pẹ̀lú ariwo. Lọ́yà ò ní sọ pé purọ́. Ó máa sọ pé oníbàárà wa ń retí pé kó tó báyìí, ṣé o rò pé ó lè tó báyìí, ṣé ilé àfiwé kẹta yẹn pọn dandan, ṣé o ò lè yọ ìpínrọ̀ kan yìí kúrò torí ó máa ń da adájọ́ láàmú. Wọ́n tún lè ní kí owó iṣẹ́ ẹ tẹ̀ lé ohun tí ẹjọ́ bá mú wá, tá a bá jàre o máa gba púpọ̀. Mi ò gbà á. Ẹni tí owó ẹ̀ wà lórí ẹjọ́ ti di ẹlẹ́jọ́, kò sí bó ṣe fẹ́ fi ìmọ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Tó bá wá di ọjọ́ kóòtù, ìbéèrè tó ń pa adíyelé kì í ṣe èyí tó le jù. Ó máa ń jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo: báwo lo ṣe dé ibẹ̀? Kóòtù ńlá New South Wales ní Australia sọ ọ́ yékéyéké ní 2001 nínú Makita v Sprowles, ẹjọ́ ẹni tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, pé onímọ̀ gbọ́dọ̀ fi ohun tó rí àti bó ṣe ti ara ohun tó rí dé èrò ẹ̀ hàn, kí adájọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra ẹ̀. “Ìrírí mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi” ò tó. Ìrírí ṣe pàtàkì gan-an, òun ló ń jẹ́ kéèyàn mọ ilé àfiwé tó yẹ kó mú, ṣùgbọ́n adájọ́ ò lè wọnú orí ẹ lọ wo ìrírí. Àwọn ará Australia yẹn náà ló sọ ọ́ di nǹkan tó wọ́pọ̀ kí onímọ̀ méjèèjì jọ jókòó síbi ẹlẹ́rìí lẹ́ẹ̀kan náà, kí adájọ́ máa bi wọ́n níbèèrè kan náà, kí wọ́n sì dá ara wọn lóhùn. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ó ṣòro kéèyàn sọ àsọdùn nígbà tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹn bíi tiẹ̀ bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Èyí ò wá sọ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ló tọ́ o. Kóòtù fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2010, nínú ẹjọ́ K/S Lincoln v CBRE, adájọ́ Coulson ní tó bá jẹ́ ilé gbígbé lásán tó wọ́pọ̀, kí adíyelé méjì má fi ju bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sókè tàbí sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé tí kò ní ẹlẹgbẹ́, ìdá 10. Tó bá sì ní ohun àrà ọ̀tọ̀ kan, ó lè dé 15 tàbí kó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n ń bá adíyelé fà ni, ti agbaṣẹ́ṣe kọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi í sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń ka rípọ́ọ̀tù nípa ilé tó dín ní ìdá 4. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n kéré ju ohun tí òṣùwọ̀n lè rí lọ.

Ó ku ibi tí ọjà ò ní èsì kankan, ibẹ̀ ló máa ń pọ́n mi lójú jù. Ní Oklahoma, tọkọtaya kan fi oko wọn háyà ní 1954 fún iléeṣẹ́ tó fẹ́ wa èédú níbẹ̀, wọ́n sì rí i dájú pé ó wà nínú àdéhùn pé tí wọ́n bá wà á tán wọ́n máa tún ilẹ̀ yẹn ṣe. Wọn ò tún un ṣe. Àtúnṣe yẹn máa ná bíi $29,000. Iye tí oko fi dín nínú ọjà, $300. Àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ fún wọn ní $5,000, kóòtù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ yẹn gé e wálẹ̀ sí $300 ní 1962, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Peevyhouse lorúkọ ẹjọ́ náà. Inú mi kì í dùn tí mo bá kà á. $300 yẹn lè pé pérépéré, mi ò bá ẹni tó ṣírò ẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn yìí ò bèèrè ohun tí àjèjì máa san lórí oko wọn, wọ́n fẹ́ ilẹ̀ wọn padà bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn, wọ́n sì ti sọ ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Ní Minnesota, ní 1939, nínú Groves v John Wunder, òdìkejì ni kóòtù ṣe: ilẹ̀ tí kò ní tọ́ ju $12,160 lọ tí wọ́n bá tún un ṣe tán, iṣẹ́ àtúnṣe sì máa ná ju $60,000 lọ, wọ́n ní owó iṣẹ́ ni ẹ máa san.

Ní Melbourne, ẹni tó háyà ilé ọ́fíìsì kan wó gbọ̀ngàn àbáwọlé ilé náà tí onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òkúta àti pákó àràmàǹdà ṣe, onílé ò sì tíì fọwọ́ sí i. Ìyàtọ̀ tó wọ iye ilé ò ju $34,820 lọ, adájọ́ àkọ́kọ́ sì fún onílé ní ìyẹn. Kóòtù tó tẹ̀ lé e ní $1.38 mílíọ̀nù, iye tí wọ́n máa fi dá a padà bó ṣe wà àti owó háyà tó máa sọnù nígbà iṣẹ́, High Court ti Australia sì fọwọ́ sí i ní 2009 nínú Tabcorp v Bowen. Onílé ò gbọ́dọ̀ di ẹni tí wọ́n ń fi agbára ra ohun ìní ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Nítorí náà, nínú rípọ́ọ̀tù mi, lẹ́yìn tí mo bá ti kọ ìyàtọ̀ tó wọ iye ilé, mo máa ń fi ìpínrọ̀ kan sí i. Mo máa kọ ọ́ pé ohun tí ẹni tó fẹ́ ra ilé máa san nìkan ni mo wọ̀n. Mo máa dárúkọ àwọn ohun tó wà nínú àdéhùn tí ọjà ò sanwó fún, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe kọ ọ́: gíga òrùlé, irú òkúta, jíjìn omi. Mo máa kọ ọ́ pé bí ọjà ò ṣe sanwó fún wọn ò fi hàn pé onílé ò pàdánù wọn, pé kóòtù ló máa pinnu ìyẹn. Àwọn lọ́yà agbaṣẹ́ṣe ti ní kí n yọ ọ́, àwọn lọ́yà onílé náà ti ní kí n jẹ́ kó gùn sí i. Bó ṣe wà ló máa ń wà.